Ẹni Tó Bá Ní Ká Jagun, Kó Pe Ọmọ Rẹ̀ Jáde

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí tí ẹ béèrè ilé Sájẹ́ǹtì, ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bá pàdé ni yóò na ìka sí i fún yín. Kì í ṣe pé ilé náà ga. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára ni, páànù orí rẹ̀ sì ti pọ́n kanrin. Ohun tó sọ ọ́ di mímọ̀ ni àwọn táyà tírélà tó tò sẹ́yìn ilé, tó bu ilẹ̀ dúdú sínú wọn, tó wá fi àwọ̀n bò wọ́n lórí. Ìgbín ló ń sìn níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: ọkùnrin tó fi ìgbà èwe rẹ̀ gbé ìbọn, tó jagun dé Liberia, ìgbín ló wá ń sìn. Bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní òun ti sáré tó nílé ayé, àwọn tó mọ ìrìn jẹ́ẹ́ ni òun ń bá kẹ́gbẹ́ báyìí.

Fálẹ́yìmú Ògúnfẹ́mi lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ bíbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni. Iṣẹ́ ọba ló gbé e kúrò nílé, obìnrin ló sì mú un wá sí Òṣogbo. Bushrah ni obìnrin náà ń jẹ́, ọmọ onílé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, aṣọ iléèwé àwọn ọmọdé ló ń rán. Ìyàwó ń kírun, ọkọ ń bọ Ògún lọ́dọọdún, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Bólúwadúró, sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìpetu ló gbé dàgbà. Bí ẹ bá rò pé ìjà ni irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò máa jà, ẹ kò tíì gbé Òṣogbo nìyẹn. Ìjà tó wà níbẹ̀ kò ju ti ẹni tó jẹ orí ẹja lọ.

Bólúwadúró náà wọṣẹ́ sọ́jà. Bàbá rẹ̀ kò rán an níṣẹ́ yẹn, kò sì dí i lọ́wọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọdún 2023, ó ti di kọ́púrà, Ṣókótó ni báráàkì wọn sì wà, lókè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń lé àwọn agbébọn kiri inú igbó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe ilé. Ìyá rẹ̀ á bi í pé ṣé ara le, bàbá rẹ̀ á bi í pé ṣé bàtà rẹ̀ kò tíì já. Ìbéèrè méjèèjì yẹn ni gbogbo ìfẹ́ wọn, ó sì ń tó wọn jẹ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù Keje parí, àwọn sọ́jà fipá gbàjọba ní Niger, orílẹ̀-èdè tó bá Ṣókótó pààlà. Àwọn olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà péjọ, wọ́n ní bí àwọn sọ́jà náà kò bá gbé ìjọba padà fún ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn lè kó ọmọ ogun wọlé tọ̀ wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo wa di ọ̀gágun ní Òṣogbo. Ẹni tí kò lè lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gààrí tó sá sóòrùn, òun ló ń júwe bí wọn yóò ṣe gba olú-ìlú Niger. Nídìí ìwé ìròyìn, ogun. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ogun. Lórí ọ̀kadà, ogun náà ni. Èyí tó wá burú jù ni ti rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Fọláránmi, ohùn rẹ̀ dùn létí, àràárọ̀ ló sì fi ń bi ìlú pé kí ni Nàìjíríà ń dúró dè. Ó ní bí a kò bá lọ, orúkọ wa bàjẹ́. Inú a máa bí mi bí mo bá gbọ́ ọ. Orúkọ ta ni? Ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọni, àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú kí wọ́n tó kọ́ ilé rédíò.

Sájẹ́ǹtì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ewé ìbẹ́pẹ ló ń já fún ìgbín rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó bá a sọ ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ ènìyàn ni Ùsmán tó ń ta àlùbọ́sà ní orígun àdúgbò wọn. Ọmọ Kọ́nní ni Ùsmán, ìlú kan lẹ́yìn ààlà, ní Niger gan-an, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì ń gbé. Wọ́n ti já iná mànàmáná tó ń ti Nàìjíríà lọ sọ́dọ̀ wọn, inú òkùnkùn ni ìyá náà ń jókòó sí. Ùsmán ní ìyá òun ń bi òun lórí fóònù pé ṣé àwọn ará Òṣogbo tí òun ń yìn lójoojúmọ́ náà ni wọ́n fẹ́ wá bá àwọn jà. Sájẹ́ǹtì ra àlùbọ́sà tí ilé wọn kò nílò, ó lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Bólúwadúró sọ ọ́ jáde. Ó ní wọ́n ti ní kí àwọn wà ní sẹpẹ́, pé bí àṣẹ bá ti Àbújá dé, àwọn ni yóò kọ́kọ́ sọdá. Kò bẹ̀rù rárá. Kódà, ohùn rẹ̀ ń ta kìtì bíi ti ẹni tí wọ́n fẹ́ mú lọ síbi àsè. Bushrah gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán aṣọ kan tó ti rán tán láàárọ̀. Ó tú u tán, ó tún un rán, ó tún tú u.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dun Sájẹ́ǹtì. Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sí Liberia, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n á la àwọn tó ń jà níjà, wọ́n á sì padà. Ìgbà díẹ̀ yẹn di ọdún gbọọrọ. Àwọn tí wọ́n lọ là níjà ń fi ọwọ́ ọ̀tún kí wọn, wọ́n ń fi ti òsì yìnbọn, nígbà tó sì yá, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n ń gbà là àti ẹni tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mikail, ọmọ Iléṣà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í fá irùngbọ̀n láìkọrin, kò bá wọn padà. Nígbà tí Fálẹ́yìmú gun ọkọ̀ òfuurufú wálé, kò sí ẹni tó bi í pé kí lojú rẹ̀ rí. Òun náà kò sọ. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ní kó sọ ìtàn ogun fún àwọn, ìtàn ọ̀bọ kan tó jí búrẹ́dì ọ̀gá wọn ló máa ń sọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìntì máa ń ṣèpàdé ní Dàda Estate, nílé alága wọn, Ọ̀gá Adéyọrí. Ọ̀gá Adéyọrí ga, ohùn rẹ̀ ga, ìwà rẹ̀ kò sì burú. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣàìsàn tí kò lọ wò. Àmọ́ ó fẹ́ràn kí ìlú mọ̀ pé sọ́jà kì í darúgbó. Fọláránmi ti pe ẹgbẹ́ náà kí wọ́n wá sí rédíò ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n wá sọ èrò àwọn tó mọ ogun. Ìpàdé Sátidé ni wọn yóò ti fẹnu kò sí ohun tí wọn yóò lọ sọ, gbogbo ayé ló sì mọ ohun tí Ọ̀gá Adéyọrí fẹ́: pé gbogbo àwọn sọ́jà àtijọ́ ní Ọ̀ṣun wà lẹ́yìn ogun yìí, wọ́n sì lóhùn kan.

Ẹ lè ní kí ló kan àwọn bàbá arúgbó Òṣogbo nínú ohun tí Àbújá ń rò. Òótọ́ ni. Kò sí ọ̀gágun tí yóò dúró de ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu kọ̀ọ̀kan ló ń di ariwo, ariwo ló sì ń ti ìjọba lẹ́yìn. Èyí tó tún ká Sájẹ́ǹtì lára jù ni pé bí ẹgbẹ́ bá sọ pé ohùn kan làwọn ní, ohùn tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi rán ọmọ rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ Sátidé náà, bó ṣe ń wọ bàtà, Bushrah dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Bólú,” ó ní, “ẹ ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ níbẹ̀.”

Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ni, àlejò kún àdúgbò wọn bámúbámú, ó sì pẹ́ kó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Nígbà tó máa dé Dàda Estate, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà alága, obì wà nínú àwo, òórùn ohun dídín sì ń ti ilé ìdáná wá. Ọ̀gá Adéyọrí ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ó ní ọmọ ogun tí kò bá lè jáde kì í ṣe ọmọ ogun, ó ní bí wọ́n bá gbà á láyè, òun náà yóò wọ kàkí òun padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní ṣé kò sẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ mìíràn, bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè nígbà tí wọn kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò dáhùn.

Sájẹ́ǹtì dìde. Ó ní òun kò sọ pé kí orílẹ̀-èdè má ní ọmọ ogun, ó ní ìlú tí kò ní ẹ̀ṣọ́, ìlú olè ni. Ṣùgbọ́n níbo ni kí ẹ̀ṣọ́ dúró sí? Ó ní láti Iléṣà dé Ìpetu, ẹni tó ń lọ sóko báyìí ń wọ̀tún ń wòsì nítorí àwọn ajínigbé, pé oko kókó ẹ̀gbọ́n òun ti di igbó nítorí pé kò sẹ́ni tó láyà láti wọ ibẹ̀. Ó ní àwọn sọ́jà tó wà ní Ṣókótó gan-an kò tó igbó tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku, ó ní, áńbọ̀sì eku ilé onílé. Bí àwọn ará Niger bá gbógun tọ̀ wá wá, ó di dandan ká gbèjà ara wa. Wọn kò tọ̀ wá wá. Ọ̀ràn ilé wọn ni, ká rán àgbà sí wọn, ká má rán ìbọn.

Àwọn kan ti ń mi orí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ẹ dá Sájẹ́ǹtì lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣebí ọmọ rẹ̀ ló wà ní Ṣókótó, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn ún dé egungun, mo sì bá a bínú sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó dára ni wọ́n fi ẹ̀rín gbá dànù yẹn.

“Òótọ́ ni,” Sájẹ́ǹtì ní. “Nítorí ọmọ mi ni. Nítorí ta ni ẹ tún fẹ́ kí n fi sọ̀rọ̀?”

Ẹ̀rín tán. Ó wá sọ àṣà ilé wọn ní Ìpetu fún wọn. Ní ilé Ògúnfẹ́mi, ẹni tó bá ní kí ilé jáde lọ jà, pàápàá ìjà tí kì í ṣe ti ilé, yóò pe ọmọ rẹ̀ sí àárín agbo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ náà ohun tí wọ́n pè é fún. Àwọn àgbà yóò wò ó láìsọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi jẹ obì tán, lẹ́yìn náà ni bàbá yóò gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, tí yóò sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Bó bá tún un sọ, wọ́n ń lọ nìyẹn. Bí kò bá lè tún un sọ, ọ̀rọ̀ parí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní ojú òun ló ṣe rí. Òun wà ní kékeré nígbà tí àwọn àna wọn kan ní abúlé lẹ́yìn Ìpetu ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá ran àwọn lọ́wọ́ lórí ìjà ilẹ̀. Bàbá òun ló dìde pé ká lọ, òun sì ni ọmọ tí wọ́n pè jáde. Òun rò pé ẹran tí òun jí jẹ nínú ìkòkò ni àṣírí rẹ̀ tú. Ọwọ́ bàbá òun tutù lórí òun, ó wúwo, bàbá náà sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Wọ́n lọ. Àbúrò bàbá òun fi ojú ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n tó kórè kókó ọdún kejì, àwọn àna àti àwọn tí wọ́n ń bá jà ti parí ìjà, wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n tilẹ̀ pe ilé Ògúnfẹ́mi síbi ìgbéyàwó. Àbúrò bàbá òun lọ. Ó fi ojú kan jókòó níbẹ̀, ó jẹ iyán tirẹ̀, ó wálé.

“Ọ̀gá mi,” Sájẹ́ǹtì ní, “n kò ní kí ẹ má sọ ọ́. Ẹ pe ọmọ yín jáde, kí ẹ sì sọ ọ́.”

Àṣìṣe tí Ọ̀gá Adéyọrí ṣe ni pé ó gbà. Ó rò pé ohun tó rọrùn ni. Ẹni tó ti pàṣẹ fún sọ́jà ní gbangba pápá, ṣé orúkọ ọmọ ara rẹ̀ ni kò ní lè pè? Ó kọ ojú sílé ìdáná, ó pe Àdúràolúwa. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì ni, ó gba ìsinmi lọ́jọ́ náà kó lè wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jáde wá, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Bàbá rẹ̀ ní kó dúró sáàárín. Ó dúró.

Wọ́n pa obì, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wò ó. Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó fi apá nu imú, ìyẹ̀fun sì kun ún létè, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin tó ti rí òkú nínú kòtò ojú ọ̀nà, tí wọ́n sì ti fo òkú kọjá, wọn kò lè wojú ọmọbìnrin yìí pẹ́. Ẹnì kan tí ọmọ tirẹ̀ kò sí láyé mọ́ gbé fìlà rẹ̀ bojú. Nígbà tí obì tán lẹ́nu wọn, Ọ̀gá Adéyọrí dìde, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

“Mo ní kí…”

Ó dúró. Ó wo ọmọ náà, ọmọ náà gbójú sókè wò ó.

“Àdúrà, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?”

“Rárá, sà. Oúnjẹ yín ni mò ń sè.”

“Lọ jẹun,” ó ní. “Lọ jẹun ná.”

Ọmọ náà lọ. Bàbá jókòó, ó ní ká mú ọ̀rọ̀ tó kàn. Ọ̀rọ̀ ìjókòó tó ń sán ni ọ̀rọ̀ tó kàn, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n gbé e lọ fún káfíńtà. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá Adéyọrí pe Fọláránmi fúnra rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ kò ní ohùn tí yóò fi sí ogun Niger, àmọ́ bó bá fẹ́ gbọ́ bí a ṣe lè máa ṣọ́ ọ̀nà oko, àwọn ti ṣe tán. Fọláránmi ní òun yóò padà pè é. Títí di òní, kò tíì padà pè é.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé báráàkì, nítorí pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà bí ọmọ tó di sọ́jà. Nígbà tí Bólúwadúró máa pe ilé lọ́jọ́ Àìkú, ó ti gbọ́, inú ń bí i. Kò kí ìyá rẹ̀ dáadáa. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bàbá òun. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń sọ pé bàbá òun ń bẹ àwọn àgbà nítorí òun, pé wọ́n ń pe òun ní ọmọ màmá. Sájẹ́ǹtì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Bàbá, ẹ̀rù ò bà mí o.”

“Mo mọ̀,” Sájẹ́ǹtì ní. “Èmi ni ẹ̀rù ń bà.”

Bushrah rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ó na ọwọ́ láti gba fóònù, ọkọ rẹ̀ sì fi orí sọ fún un pé rárá. Nígbà tó yá, ọmọ náà bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè rí láti ọjọ́ tí Fálẹ́yìmú ti Liberia dé. Ó ní ṣé ẹ̀rù bà á níbẹ̀.

“Lójoojúmọ́,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn, ó sì jókòó, ó sì ń sọ fún un. Ó sọ ti Mikail. Ó sọ ọ́ títí bátìrì fi kú, Bushrah sì lọ yá fóònù aládùúgbò wá kó lè sọ ọ́ parí.

Ogun náà kò wáyé. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ gùn, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ti rí nǹkan mìíràn máa fi ṣe ọ̀gágun. Bólúwadúró wálé lọ́dún Kérésìmesì. Ó sùn títí oòrùn fi kan àtàrí, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí i.